Oúnjẹ Orí Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọkùnrin tí mo fẹ́, kó kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èéfín gbígbóná ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì, á rí pẹpẹ onírin kékeré kan tí wọ́n fi wáyà dè mọ́lẹ̀ gírígírí. Mẹkáníìkì wa ní Òkókómaikò ti bi mí léèrè rí pé kí ni nǹkan yẹn wà fún. Mo ní ibẹ̀ la ti ń gbé ẹ̀wà kaná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màmá yìí fẹ́ràn àwàdà. Mi ò bá a jiyàn.

Sójà ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Dírẹ́bà ni níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú dírẹ́bà tó ń gbé ọ̀gá lọ síbi àpèjẹ. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó àwọn sójà lọ sójú ogun lókè Ọya ló ń wà. Àwa ìyàwó wà ní bárékè ní Ọ̀jọ́, à ń gbàdúrà, à ń jà nídìí ẹ̀rọ omi, à ń wo ojú ọ̀nà. Bí ọkọ ẹlòmíràn bá gba ìsinmi wálé, á gbé àlùbọ́sà àti kílíṣí bọ̀. Tèmi gbé páálí oúnjẹ ológun wá. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín ilé, ó ní ẹ̀bùn wa rèé. Mo wò ó lókè, mo wò ó nílẹ̀, mo ní kó máa bọ̀ wá wẹ̀ ná.

Àwọn àpò ọ̀rá tó ní àwọ̀ erùpẹ̀ ló kún inú páálí náà. Oúnjẹ odidi ọjọ́ kan fún ẹnì kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, ó ti jinná tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sáà gbé e kaná ló kù. Agolo ẹ̀wà wà níbẹ̀, pẹ̀lú tíì, ṣúgà, mílíìkì oníyẹ̀fun, àti bísíkíìtì kan tó le débi pé ọmọ wa fi ń kan ilẹ̀kùn. Mo tọ́ ìrẹsì náà wò. Kò burú, kò sì dára. Ó dà bí ìrẹsì tí ẹni tí kò mọ èèyàn rí sè fún un. Ọkọ mi ní bí mo bá jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn, màá mọ ìdí tí òun fi ń lá àlá ọbẹ̀ ilá.

Àwọn obìnrin bárékè kì í fi nǹkan ṣòfò. Wọ́n gún bísíkíìtì yẹn nínú odó, wọ́n pò ó mọ́ omi gbígbóná àti mílíìkì, wọ́n fi bọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Àwọn ọmọ náà sì sanra. Mo rí ọ̀kan nínú wọn ní Ìyànà Ìbà lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ó ti di géńdé, ó ga jù mí lọ, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú ẹrẹ̀.

Ohun kan tún wà nísàlẹ̀ àpò oúnjẹ náà, funfun, pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi ọ̀rá wé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo mọ káńfọ̀ dáadáa, mo ní káńfọ̀ rèé. Mo kó gbogbo rẹ̀ sáàárín aṣọ nínú àpótí kí aáyán má bàa débẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, ọkọ mi wọ agbádá rẹ̀ lọ sí yídì, àwọn tó kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń sún fún un. Agbádá náà ń rùn bí ẹja tí wọ́n gbàgbé sínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó délé tó ṣí àpótí, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣáná sí láti fi se omi tíì ni. Ó ní bí mo bá ti gbé àtùpà sún mọ́ àpótí yẹn pẹ́nrẹ́n, gbogbo aṣọ ilé wa ni ì bá ti di eérú. Inú bí mi. Mo ní ta ló rán wọn pé kí wọ́n ṣe iná bíi káńfọ̀.

Ó ní àwọn gan-an kì í sábà lò ó. Níbi tí wọ́n wà, wọn ò gbọdọ̀ dáná, torí èéfín á fi wọ́n han ọ̀tá lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ á fi wọ́n hàn bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ààrò wọn. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún, nítorí òun ló ń béèrè. Wọ́n á fi ìṣó lu ihò kékeré sórí agolo, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èéfín ti ń jáde, wọ́n á fi wáyà dè é kí kòtò ọ̀nà má bàa gbọ̀n ọ́n dànù. Bí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, ẹ̀wà á gbóná. Omi tíì náà, inú kọ́ọ̀pù onírin ni wọ́n ń bù ú sí, wọ́n á gbé e tì í. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lára, ó gbóná lóòótọ́, àmọ́ májèlé ni, ẹni tó bá mu ún, kó wá ẹni tó máa kọ̀wé sílé fún un.

Ó ní ẹnì kan gbàgbé láti lu ihò lọ́jọ́ kan. Agolo bú gbàmù, gbogbo wọn sì dojú bolẹ̀ sínú iyanrìn, wọ́n na ìbọn sí igbó, wọ́n ń retí ọ̀tá. Ẹ̀wà ni. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn fún ọjọ́ pípẹ́, eṣinṣin sì ń bá wọn rìn kiri ojú ogun. Ọmọ wa rẹ́rìn-ín, ó ní kó tún un sọ. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, àmọ́ mo ń wò ó pé ọkùnrin yìí ń sọ ìtàn ogun bí ẹni pé ìdí àdògán ló ti wá. Kò sọ ti ìbọn rí. Oúnjẹ nìkan ló ń sọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, a kó kúrò ní bárékè lọ sí Òkókómaikò. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Àlàbá nígbà yẹn, níbi tí mo ti ń ta rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ mi ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ti gbó, ó ń bá àwọn ará ọjà gbé fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ sílé àwọn oníbàárà. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe sí ọkọ̀ náà, kó tó pààrọ̀ táyà tó ti dán, ni pẹpẹ onírin tí mo sọ yẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó tì í lọ sí Ìjanikin, fíríìjì kan la gbé sẹ́yìn. A ò tíì jìnnà tí mo gbóòórùn àlùbọ́sà. Mo ní, "Dádì, ọkọ̀ yìí ń jóná o."

Ó ní, "Kò jóná. Ó ń sè ni."

Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ẹja tó fi fóìlì wé jáde. Ata àti àlùbọ́sà ti wọ̀ ọ́ lára. A fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ lórí ìdúró, àwọn ọlọ́kadà ń wò wá. Mi ò ní parọ́, ẹja náà dùn ju tèmi lọ, mo sì dúpẹ́ pé kò bi mí léèrè. Nígbà tí a dé Ìjanikin, obìnrin tó ra fíríìjì ti imú bọ inú rẹ̀, ó fa ojú ro.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti lo fíríìjì yìí rí ni? Ó ń rùn bí ẹja."

Ọkọ mi ní, "Rárá mà. Èmi ni mò ń rùn."

Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ sórí ọkọ̀ ni, mi ò ní wí nǹkan kan. Inú ilé ni wàhálà wa wà. Ọkọ mi kì í jẹun alẹ́ títí gbogbo ará ilé á fi wọlé. Láti bárékè ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìgbà tó ti ojú ogun dé. Á jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ oúnjẹ rẹ̀ á wà lórí tábìlì ní bíbò. Bí ọmọ wa bá wọlé, á dúró gírí, á ní, "All correct, sir," bí àwọn sójà ṣe ń sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹnikẹ́ni. Láti kékeré ló ti ń sọ ọ́, ó sì dùn mọ́ ọn. Bí èmi náà bá ti ọjà dé, bàbá rẹ̀ á máa wo ẹnu mi bóyá màá sọ ọ́. Èmi kì í sọ ọ́. Màá ní ẹ káalẹ́ o, màá kọjá lọ sí yàrá. Ó máa ń tó ìgbà yẹn kó tó ṣí abọ́.

Èrò burúkú ni mo gbà sí i. Mo ní ìgbéraga ni, pé ó fẹ́ kí ìyàwó wá kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún òun, kò fẹ́ jẹ èyí tí ọmọ gbé kalẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní ó ti jẹun níbòmíràn ni. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ kiri láti Ìbà dé Ìjanikin, tó ń délé tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ, ohun tó lè wá sọ́kàn rẹ̀ kò pọ̀. Mo yẹ inú ọkọ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan tó ń sùn. Mo rí iyọ̀, ata gígún, fóìlì, àti ṣíbí kan. Mo wá ṣíbí kejì títí, mo wo abẹ́ ìjókòó, mo wo ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Ṣíbí kan ṣoṣo náà ni. Ọkàn mi balẹ̀ lórí ti obìnrin, àmọ́ inú tún wá ń bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mi ò mọ ohun tí mò ń bá jà mọ́.

Kódà nínú ààwẹ̀, bí wọ́n bá ti pe ìrun, á fi dàbínù àti omi ṣínu bí gbogbo Mùsùlùmí, oúnjẹ gan-an á sì dúró dè wá. Bí mo bá bi í léèrè, á ní ebi ò pa òun. Ikùn rẹ̀ á máa kùn bí ẹ́ńjìnnì, á ní ebi ò pa òun.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ṣúgà mú un. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó yé wa. Oògùn náà ń fa ṣúgà ara wálẹ̀. Bí ó bá lò ó tí kò jẹun lákòókò, ṣúgà á wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, ó sì lè ti ibẹ̀ gbẹ̀mí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa jẹun lákòókò o." Ọkọ mi nàró lórí ìjókòó, ó ní, "Yes, ma." Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lẹ́, ó lo oògùn, ó gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ọmọ wa.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, òjò rọ̀. Tírélà kan ṣubú dí ọ̀nà ní Ìyànà Ìbà, mo sì fẹsẹ̀ rìn wálé, bàtà mi lọ́wọ́. Mo bá a lórí àga rẹ̀. Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Abọ́ oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò ṣí i. Ọmọ wa kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún, ó ń po ṣúgà sómi. A rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ẹ̀rù ló bà mí, àmọ́ èébú ló ń gba ẹnu mi jáde. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ṣé o ti wọlé?" Mo ní ṣé kò rí mi ni, mo ti wọlé. Ó fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọkùnrin kan wà ní Ìbà tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà lójú ogun. Ó kéré sí ọkọ mi, Ọ̀gá ló ń pè é títí dòní. Télọ̀ ni báyìí. Mo ní kó wá bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìdúró rẹ̀ yìí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, pé yóò pa á. Ó wá lọ́jọ́ Àìkú kan tí ọkọ mi ti gbé ẹrù jáde. Mo gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń jẹun, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fọwọ́.

"Mà, ṣé Ọ̀gá ò sọ fún yín ni?"

"Kí ni wọn ò sọ fún mi?"

"Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀wà."

Ó ní òfin kan wà nínú ọkọ̀ wọn tí ọ̀gá kankan kò gbé kalẹ̀. Dírẹ́bà ló ni ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ni ìkòkò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú agolo rẹ̀ kúrò lórí ẹ́ńjìnnì kí gbogbo àwọn tó sọ̀kalẹ̀ tó padà. Bí àwọn tó lọ ṣọ́nà bá dé, wọ́n á ní all correct, dírẹ́bà á ka orí, á wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti rí i pé bí àwọn bá ti jẹun tán, ara gbogbo wọn máa ń yá láti lọ. Bí wọn ò bá tíì jẹun, wọ́n á máa béèrè pé ta ló kù.

"Ó wá dọjọ́ kan, èmi ni mo kù, mà. Wọ́n ní ká lọ wo bíríìjì kan níwájú. Wọ́n yìnbọn fún wa, gbogbo wa tú ká. Àwọn tó kù sá padà sídìí mótò. Èmi sọnù sínú búùṣì yẹn. Mi ò mọ ọ̀tún, mi ò mọ òsì, rédíò ò sí lọ́wọ́ mi."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n ní mo ti kú. Mi ò bá wọn wí mà, ẹni tó bá wà níbẹ̀ á rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí Ọ̀gá pín ẹ̀wà ká máa lọ, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ọ̀gá ní àwọn ò ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, ah, Ọ̀gá, torí ẹ̀wà? Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹ̀wà, agolo kan ò tíì rí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Àwọn tó kù ní kí Ọ̀gá pa ẹ́ńjìnnì nígbà náà, kó má lọ pe ọ̀tá wá bá wa. Ọ̀gá ò pa á."

Ó mu omi.

"Ìró ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo gbọ́, mà. Òun ni mò ń tẹ̀ lé bọ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ẹ̀rù tún bà mí, mo ní bóyá kì í ṣe mótò tiwa. Ni mo bá gbóòórùn ẹ̀wà."

Ẹ̀wà náà ti jóná mọ́ agolo nígbà tó fi débẹ̀. Ó ní òun jẹ ẹ́ tán, pẹ̀lú èyí tó jóná.

Mo pe ọkùnrin yìí wá kó bá mi jẹ́rìí pé ìdúró ọkọ mi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Òun náà ló jókòó sí pálọ̀ mi yìí, tó ti ní ìyàwó, tó ti bímọ, tí epo ọbẹ̀ mi wà létè rẹ̀. Ta ló fẹ́ bá irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ jiyàn? Mo bu ẹ̀bà sí i fún un.

Mo bi í pé kí ló dé tí ọkọ mi ò fi sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó ní bóyá lójú Ọ̀gá, òun kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn jókòó ni.

Láti ọjọ́ náà, mo ń ti ṣọ́ọ̀bù kí òòrùn tó wọ̀. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ wà ní ìlà kan náà ní Àlàbá ń bi mí pé ṣé ọkọ tuntun ni mo fẹ́. Bí mo bá délé, mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń sọ pé, "All correct." Ọkọ mi kọ́kọ́ ń wò mí tìfuratìfura bí ẹni pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Kò béèrè ẹni tó sọ fún mi, èmi náà kò sọ. Ó ń jẹun lákòókò, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀. Mo ní ó ti tán.

Ìgbà náà ni ọmọ wa rí iṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, pé kó máa tọ́jú àwọn arúgbó. Gbogbo àdúgbò bá wa yọ̀, èmi náà yọ̀. Àmọ́ nǹkan kan ń já mi láyà tí mi ò lè sọ fún àwọn tó ń bá wa dúpẹ́. Bí ọmọ yìí bá lọ, a ò tún ní pé nínú ilé mọ́. Ọkọ mi á lo oògùn rẹ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa retí ẹni tó wà lókè òkun. Mo pe télọ̀ Ìbà lórí fóònù. Ó ní, "Mà, ẹni tí wọ́n bá ti pósìtì lọ sí mótò míì, dírẹ́bà ibẹ̀ ló ń ka orí ẹ̀." Mo ní ta ni dírẹ́bà ní ìlú òyìnbó. Kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe. Aago ibi tó lọ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tiwa. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tó débẹ̀, bàbá rẹ̀ wà lórí àga, oògùn ti wà nínú rẹ̀, abọ́ wà ní bíbò. Èmi wà ní kíṣínì, mo ti po omi ṣúgà sílẹ̀. Fóònù dún. Mo sáré gbé e sí i létí, mo sì gbọ́ ohùn ọmọ náà ketekete.

"All correct, sir. Mo ti wọlé, mo ti tilẹ̀kùn. Ẹ jẹun, Dádì."

Ó ní, "Carry on." Ó ṣí abọ́ rẹ̀. Mo padà sí kíṣínì, mo mu omi ṣúgà náà fúnra mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Ọmọ náà kì í gbàgbé. Bó ti bọ́ bàtà tán ni á pè, nígbà mìíràn á ṣì máa mí hẹlẹhẹlẹ láti orí àtẹ̀gùn.

Àfi ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ẹ̀wà ni mo sè. Àkókò tó máa ń pè kọjá, fóònù kò dún. Mo pè é láti yàrá, kò wọlé. Mo tún un pè, ohùn kan ní nọ́ńbà náà kò ṣeé pè. Mo yọjú wo ọkọ mi. Ó jókòó jẹ́ẹ́, àmọ́ òógùn ti ń yọ níwájú orí rẹ̀, mo sì mọ òógùn yẹn. Mo jáde sí i, mo ní, "Ó ti pè. Ẹ wà ní bálùwẹ̀. Ó ní all correct."

Ó wò mí, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Ó ṣí abọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ̀wà náà tán.

Mo bu tèmi, mo jókòó. Mo bu ṣíbí àkọ́kọ́, mo dà á padà sínú abọ́. Èmi tí mo ti fi ọdún gbọọrọ bú u. Mò ń rò ó pé ọmọ mi wà ní ọ̀nà kan nínú òtútù tí mi ò mọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ó bá mi pé mo ti yó. Mo bo abọ́ náà, mo gbé e jáde sí iwájú ilé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Mo gbé fóònù sórí itan.

Kò pẹ́ tí ọkọ mi jáde. Ó wo abọ́, ó wo fóònù.

"Kò pè, àbí?"

"Kò tíì pè."

Mo ń retí kó bínú sí mi. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó wọlé, ó da ẹ̀wà sínú abọ́ onírin, ó fi fóìlì bò ó. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó fi wáyà dè é dáadáa bí ẹni pé ọ̀nà Ìjanikin la ń lọ. Ó wọ inú ọkọ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ náà dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì ń dún. Ó wá jókòó tì mí.

Aládùúgbò wa yọ orí lójú fèrèsé. "Alhaji, ṣé ẹ fẹ́ jáde ni?"

Ọkọ mi ní, "Rárá o. A ń dúró de ẹnì kan."

A jókòó síbẹ̀. Òórùn ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó wá ń di òórùn ohun tó fẹ́ jóná. Kò sọ pé kí n má ṣèyọnu. Nígbà tí fóònù dún, òun ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ọmọ náà wálé ni kò wá, iná fóònù rẹ̀ sì ti kú sí i lọ́wọ́.

"All correct, mà," ló wí.

Mo ní kó lọ jẹun. Ọkọ mi dìde, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi aṣọ di abọ́ náà mú, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, pẹ̀lú èyí tó jóná.